Ẹni Tí Wọn Kò Fẹ́ Fọwọ́ Kàn

Ẹ bá mi dé Ọsirélíà lónìí, kí ẹ gbọ́ ìtàn Doug Nicholls. Ọmọ onílẹ̀ ni, ẹ̀yà Yorta Yorta, tí a bí ní ọdún 1906 ní Cummeragunja, ilẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún àwọn ènìyàn dúdú ibẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí àwọn ọlọ́pàá wá fi tipátipá mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Hilda, lọ lójú rẹ̀.

Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá lọ́hùn-ún yàtọ̀ sí tiwa. Ó rí bí ẹyin. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá a, wọ́n sì ń fi ẹ̀ṣẹ́ lù ú. Doug kúrú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bí àṣá. Ní 1927 ó lọ sí ẹgbẹ́ Carlton. Ìtàn sọ pé àwọn tí ń fi òróró ra ara àwọn agbábọ́ọ̀lù kọ̀, wọn kò fẹ́ fọwọ́ kan awọ dúdú. Ó gba Northcote lọ, wọ́n sì gba ife-ẹ̀yẹ ní 1929.

Nígbà tí ó dé Fitzroy ní 1932, òun nìkan ní ń jókòó ní igun yàrá ìmúra. Haydn Bunton, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ náà, ló dìde, tí ó lọ jókòó tì í. Ní tèmi, ìjókòó yẹn wú mi lórí ju ife-ẹ̀yẹ lọ. Ẹ̀yin olùkàwé, ta ní ń dá jókòó nínú ìjọ yín?

Ìgbà 54 ni Doug gbá bọ́ọ̀lù fún Fitzroy. Ní 1935 wọ́n yàn án fún ìpínlẹ̀ Victoria. Ṣùgbọ́n ní 1932 yẹn kan náà ni ó ti fi ayé rẹ̀ fún Kristi ní Northcote. Nígbà ogun, ó wọ iṣẹ́ ológun, àwọn ọlọ́pàá Fitzroy fúnra wọn ló sì bẹ̀bẹ̀ ní 1942 pé kí wọ́n dá a sílẹ̀ kí ó wá tọ́jú àwọn ènìyàn rẹ̀, tí ọtí àti tẹ́tẹ́ ń bà jẹ́. Ọlọ́pàá, ẹ gbọ́! Ó wá. Ó di pásítọ̀ wọn ní òpópónà Gore, ó ń wá àwọn ọ̀mùtí kiri, ó ń fọwọ́ kan àwọn tí ẹlòmíràn ń sá fún.

Ní 1972 ó gba oyè Sir, àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ onílẹ̀. Ní December 1976 ó di Gómìnà South Australia. Àrùn rọpárọsẹ̀ kò jẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀, ó fi ipò sílẹ̀ ní April 1977. Ó kú ní June 1988. Cummeragunja ni wọ́n gbé e padà lọ sin, níbi tí wọ́n ti mú Hilda lọ.