Hubert Ògúndé

Hubert Adédèjì Ògúndé (1916 – ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1990) jẹ́ òṣèré, òǹkọ̀wé eré, akọrin àti olùdarí sinimá ọmọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé òun ni bàbá eré orí ìtàgé òde òní ní Nàìjíríà.

Ìlú Òṣósà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni a bí i sí. Pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni bàbá rẹ̀, síbẹ̀ ó bá àwọn eégún alárìnjó ṣeré ní kékeré. Ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́, ó sì wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní ọdún 1941. Ní ọdún 1944, ó gbé eré kan jáde fún ìjọ Aládùúrà ní Gbọ̀ngàn Glover ní ìlú Èkó, gbọ̀ngàn kan náà tí àwọn ará Èkó ti kọ́kọ́ wo sinimá ní ọdún 1903. Èrò wọ́ wá wò ó. Kò pẹ́ tó fi dá ẹgbẹ́ eléré tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì kọ̀wé fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ ní ọdún 1946. Ìpinnu ńlá ni èyí, nítorí kò sí ẹni tó ń fi eré ṣíṣe nìkan jẹun nígbà náà bí òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń jẹun.

Eré rẹ̀ kó o sí wàhálà pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣe èyí tó dá lórí ìyanṣẹ́lódì gbogbogbòò ọdún 1945, ó tún ṣe òmíràn lórí àwọn awakùsà èédú tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní Enugu ní ọdún 1949. Òmìnira dé, wàhálà kò tán. Ní ọdún 1964, *Yorùbá Ronú*, tó fi ìtàn ọba kan tí ìgbákejì rẹ̀ dà ṣàpèjúwe ìjà àwọn olóṣèlú, bí ìjọba S. L. Akíntọ́lá nínú, wọ́n sì fòfin de ẹgbẹ́ náà ní gbogbo Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ibẹ̀ gan-an ni ọjà rẹ̀ wà. Ògúndé kò tọrọ gáfárà. Eré mìíràn, *Òtítọ́ Korò*, ló fi dáhùn. Ìjọba ológun ló mú òfin náà kúrò ní ọdún 1966.

Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kí ó tó ṣe sinimá. Ọlá Balógun, tó darí *Àjàní Ògún* (1976), ló bá a darí *Ayé* (1979). Ohun tí orí ìtàgé kò lè fi hàn, bí àjẹ́ ṣe ń paradà tàbí bí ènìyàn ṣe ń pòórá, di ohun tí ojú ń rí. *Jáyésinmi*, *Àròpin N'tènìyàn* àti *Àyànmọ́* (1988) tẹ̀ lé e. Owó gọbọi ni fíìmù ń ná eléré nígbà náà, nítorí òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Àwọn eléré fúnra wọn ló sì ń gbé fíìmù kiri láti ìlú dé ìlú, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń gbé eré kiri tẹ́lẹ̀.

Lára iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn ni ipa tó kó nínú sinimá *Mister Johnson*. Ìlú London ló kú sí, Òṣósà ni wọ́n sì sin ín sí.