Ìyálóde Tinúbú: Obìnrin tí Wọ́n Lé Kúrò ní Èkó

Ẹ̀yin ọmọ wa, ní Ọjọ́ Ìsinmi kan ní Peckham níhìn-ín, ọ̀kan nínú yín béèrè bóyá ènìyàn rere ni Tinúbú tàbí ènìyàn búburú. Ìtàn rẹ̀ nìyí.

Ọmọ Òwu ni Ẹfúnróyè Tinúbú. Ọwọ́ àwọn obìnrin ilé rẹ̀ ni ó ti kọ́ òwò. Ó di aya Ọba Adélé ti Èkó nígbà tí wọ́n ti lé ọba náà kúrò lórí ìtẹ́, ó sì bá a lọ sí Àgbádárìgì. Ibẹ̀ ni ó ti di ọlọ́rọ̀: ó ta tábà, ó ta iyọ̀, ó sì ta ènìyàn. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi èyí pamọ́. Ọmọ abiyamọ ni gbogbo àwọn tí ó tà.

Nígbà tí Kòsọ́kọ́ gba ìtẹ́ lọ́wọ́ Akítóyè ní ọdún 1845, ẹ̀yìn Akítóyè ni Tinúbú wà. Ní oṣù Kejìlá 1851 àwọn Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá sí Èkó, wọ́n dá Akítóyè padà, ó sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láti fòpin sí òwò ẹrú. Ọ̀rọ̀ Tinúbú fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ààfin títí di ìgbà Dòsùmú. Ṣùgbọ́n ó kórìíra àwọn Sàró àti Àgùdà oníṣòwò tí wọ́n padà wá sílé, Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kò sì gbà á mọ́ra. Campbell fúnra rẹ̀ ni ó mú kí wọ́n lé e jáde ní ọdún 1856. Kì í ṣe nítorí àánú ẹrú nìkan. Ìjà òwò àti ìjà agbára wà nínú rẹ̀.

Ó padà sí Abẹ́òkúta bí ẹni ẹ̀tẹ́. Kò jókòó kó káwọ́ lérí. Ó tún bẹ̀rẹ̀ òwò. Ní oṣù Kẹta 1864, ogun Dàhòmì tún dé odi ìlú, bí ó ti dé ní 1851. Bí odi bá wó, oko ẹrú ni wọn ì bá kó ọmọdé àti ìyá lọ. Tinúbú pèsè ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn jagunjagun, wọ́n sì lé ogun padà. Ẹni tí ó ti ta ọmọ ọlọ́mọ ni ó dúró kí a má bàa kó ọmọ ìlú tà. Ní ọdún náà ni wọ́n fi í jẹ Ìyálóde gbogbo Ẹ̀gbá.

Ǹjẹ́ oyè náà wẹ̀ ẹ́ mọ́? Lójú tèmi, oyè lè dá orúkọ padà, kò lè dá ẹni tí a tà padà. John Newton, tí ó di àlùfáà ní St Mary Woolnoth ní òdì kejì odò Thames, ti jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ ẹrú rí. Ní 1788, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí ó fi òkun sílẹ̀, ó kọ ìwé, ó sì jẹ́wọ́ ohun tí ó ṣe ní gbangba. Ó pẹ́ ju bó ti yẹ lọ, àmọ́ ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Tinúbú kú ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1887. Ní Èkó tí wọ́n ti lé e, Ìta Tinúbú ni wọ́n ń pe ibẹ̀ títí di òní.