Ògúndé, Ọ̀gá Òṣèré tí Ó Kú sí Lọ́ńdọ̀nù

Ẹni tó bá wà níbi àpèjẹ àwọn ọmọ wa tí a ṣe kẹ́yìn yóò rántí pé fíìmù Yorùbá kan ni a fi parí ọjọ́ náà. Bí a ti ń kó àga jọ, ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí síhìn-ín bi mí pé ta ló sọ irú eré báyìí di iṣẹ́ gidi láàárín wa, àti pé ṣé inú kì í bí àwọn òbí àwọn obìnrin tó ń ṣe é. Mo dá a lóhùn pé Hubert Ògúndé ni. Kò gbọ́ orúkọ náà rí. Ó dùn mí, nítorí ìlú Lọ́ńdọ̀nù tí à ń gbé yìí gan-an ni bàbá náà kú sí. Mo ní n óò kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn wa, kí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè kà á.

Ọdún 1916 ni wọ́n bí Ògúndé ní Òsósà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nílé bàbá ìyá rẹ̀. Orin ṣọ́ọ̀ṣì wà ní etí kan, ìlù eégún wà ní èkejì. Ó ṣe tíṣà fún ọdún mélòó kan, ó sì wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní 1941. Ìgbà tí ó wà ní Èbúté-Mẹ́ta ni ìjọ Aládùúrà kan ní kí ó bá àwọn ṣe eré tí àwọn yóò fi kó owó ilé ìsìn jọ. Eré Ọgbà Édẹ́nì ni ó ṣe, ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó, ní oṣù kẹfà ọdún 1944. Èrò pọ̀ débi pé kò pẹ́ tí ọlọ́pàá fi bọ́ aṣọ ìjọba sílẹ̀, tí ó dá ẹgbẹ́ eré tirẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì ń jẹun nídìí rẹ̀.

Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Àwọn alárìnjó ti wà láti ayé àwọn baba ńlá wa, a kò lè sọ pé Ògúndé ló dá eré sílẹ̀. Ṣùgbọ́n alágbe ni gbogbo ayé ń pe òṣèré. Kí ọkùnrin tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba wá fi í sílẹ̀ nítorí agbe, ọ̀pọ̀ èèyàn ni yóò ní wọ́n ti sa sí i.

Ọ̀rọ̀ ti obìnrin tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibẹ̀ sì ni ìbéèrè ọmọbìnrin wa wà. Láàárín àwọn alárìnjó, ọkùnrin ló ń wọ aṣọ obìnrin. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin lè kọrin nínú eré, ṣùgbọ́n kí ó fi eré ṣe iṣẹ́ tí yóò gba owó lé lórí, èèwọ̀ ni. Ní 1946, nígbà tí ó fẹ́ ṣe eré Tiger's Empire, Ògúndé polówó pé òun ń wá obìnrin tí òun yóò máa sanwó fún. Ìtàn tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé ẹni tó dáhùn kò tó nǹkan, àfi ìgbà tó yí ìkéde náà padà pé akọ̀wé obìnrin lòun ń wá ni wọ́n tó ya dé. Ó gbà wọ́n síṣẹ́, ó wá ń kọ́ wọn ní orin àti ijó. Ẹ̀tàn ni, ẹ jẹ́ ká pè é bó ṣe jẹ́. Ṣé inú bí àwọn òbí? Inú bí wọn gan-an, inú sì bí àwọn àfẹ́sọ́nà pẹ̀lú, wọ́n ń fa àwọn ọmọge náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí Ògúndé rí ṣe sí i ni pé ó ń fi àwọn òṣèré rẹ̀ ṣe aya, títí tí wọ́n fi lé ní mẹ́wàá.

N kò lè fi gbogbo ẹnu yin ìyẹn. Bí ọ̀gá ẹni bá tún jẹ́ ọkọ ẹni, tí ìjà bá dé, ta ni èèyàn fẹ́ fẹjọ́ sùn? Síbẹ̀, àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ló gbé ẹgbẹ́ náà ró. Wo Adéṣẹwà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Màmá Èkó: ó bá ọkọ rẹ̀ wá sí Lọ́ńdọ̀nù níhìn-ín ní 1947 láti kọ́ ijó òyìnbó, ó sì jẹ́ ọ̀pómúléró eré fún ọdún púpọ̀. Ní 1970, jàǹbá ọkọ̀ pa á lójú ọ̀nà ibi tí wọ́n ti fẹ́ lọ ṣeré. Nígbà tí èmi náà sọ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ kọ́, ẹbí mi kan ní ṣé ìgbẹ́ aláìsàn ni mo fẹ́ máa kó ni. Èmi rí ẹni gbèjà mi. Ní ti àwọn ìyàwó Ògúndé, n kò rò pé ọ̀pọ̀ wọn rí.

Ìjọba kò fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ó fi ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá 1945 ṣe Strike and Hunger, wọ́n fòfin dè é ní Jos. Ó fi àwọn awakùsà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní Enugu ní 1949 ṣe Bread and Bullet, wọ́n fòfin de ìyẹn ní Kano. Ṣùgbọ́n tiwa-n-tiwa ló wá dùn ún jù. Ní 1964, nígbà tí àwọn olóṣèlú ń fa ilẹ̀ Yorùbá ya, ó gbé Yorùbá Ronú jáde, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì lé ẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò lórí ìtàgé jákèjádò agbègbè náà. Ìgbà tí ológun gbàjọba ní 1966 ni Ọ̀gágun Fájúyì tó tú òfin náà ká. Ọdún kan lẹ́yìn èyí, ó ti ń jó níwájú gbogbo ayé níbi àfihàn ńlá ti Montreal ní Kánádà.

Ẹ jẹ́ kí n dé ibi sinimá, nítorí ibẹ̀ ni èmi ti mọ̀ ọ́n. Ọlá Balógun ti fi Àjàní Ògún hàn ní 1976 pé fíìmù Yorùbá lè kó èrò jọ. Òun náà ni Ògúndé pè láti darí Ayé ní 1979, eré tó ti ń ṣe lórí ìtàgé tẹ́lẹ̀. Jáiyésinmi tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Àròpin Ni T'Ènìyàn ní 1982, àti Àyànmọ́ ní 1988. Bí wọ́n ṣe ń gbé eré kiri tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé fíìmù kiri, láti ìlú dé ìlú.

Bí Ayé ṣe dé ìlú wa nìyẹn. N kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, orí ẹsẹ̀ ìyá mi ni mo jókòó sí nínú gbọ̀ngàn ìlú, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo níta. Nígbà tí àwọn àjẹ́ péjọ, tí Ògúndé, tó jẹ́ babaláwo Ọ̀ṣẹ́túrá, kò mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀, àwọn àgbàlagbà dìde dúró, wọ́n ń kígbe sí aṣọ funfun pé kí ó wẹ̀yìn. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, n kò lè dá ìta lọ lóru. Ó dùn mọ́ mi kọjá àlà! Láti ìgbà náà ni mo ti di ẹni tó fẹ́ràn sinimá, ti Yorùbá, ti Íńdíà, títí dé eré àwòrán àwọn ọmọdé.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, nítorí àwọn àgbà ni mò ń tọ́jú níbi iṣẹ́ mi. Irú fíìmù bẹ́ẹ̀ jẹ́ kí ó rọrùn fún wa láti wo ìyá arúgbó tí iyè rẹ̀ ti ń ra, tó ń dá sọ̀rọ̀ lóru, ká ní àjẹ́ ni. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará wa níhìn-ín. Mo fẹ́ràn Ayé, ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ fi han ọmọ, n óò kọ́kọ́ bá a sọ èyí.

Iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn ni Mister Johnson, fíìmù òyìnbó tí wọ́n yà ní àríwá Nàìjíríà, níbi tí òun àti Pierce Brosnan ti jọ ṣeré, kí ìyẹn tó di James Bond. Kò rí i kí wọ́n tó gbé e jáde. Àìsàn mú un, ó sì kú ní Cromwell Hospital, ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún 1990, lẹ́ni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Nígbà mìíràn tí mo bá ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, bọ́ọ̀sì máa ń gbé mi gba iwájú ilé náà kọjá, mo sì máa ń rò ó pé ta ni nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, àti pé ṣé ó mọ ẹni tó ń tọ́jú. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sílé. Òsósà ni wọ́n sin ín sí.