Doris Miller: Ọmọ ilé ìdáná tó di ìbọn mú ní Pearl Harbor

Bí ẹ bá ti wo fíìmù Pearl Harbor tó jáde lọ́dún 2001, ẹ ó rántí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó dúró nídìí ìbọn, tó ń yìn ín sójú ọ̀run. Cuba Gooding Jr. ló ṣe eré náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣojú fún gbé ayé rí. Doris Miller lorúkọ rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni fíìmù náà fi sọ tirẹ̀, a sì rò pé ó yẹ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa mọ ìyókù.

Ọjọ́ 12, oṣù Kẹwàá, ọdún 1919 ni wọ́n bí i nítòsí ìlú Waco, ní ìpínlẹ̀ Texas. Orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni Connery àti Henrietta, àwọn òbí rẹ̀, ti ń dáko. Ọmọkùnrin mẹ́rin ni wọ́n bí, òun sì ni ìkẹta. Orúkọ obìnrin ni Doris. Agbẹ̀bí ló ti fọwọ́ sọ̀yà pé obìnrin ni yóò jáde, orúkọ tí wọ́n ti tọ́jú náà ni wọ́n sì sọ ọ́. Nígbà tó yá, àwọn ìwé ìròyìn sọ ọ́ di Dorie. Ẹ̀yin tí wọ́n ń gé orúkọ yín kúrú ní kíláàsì, ẹ mọ bó ṣe ń rí.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939 ló wọ iṣẹ́ ológun ojú omi Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 19 ni. Iṣẹ́ ilé oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń gba aláwọ̀ dúdú sí nígbà yẹn: kí wọ́n gbé oúnjẹ fún àwọn ọ̀gá, kí wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, kí wọ́n nu bàtà wọn, kí wọ́n kó aṣọ wọn lọ fún fífọ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1940, wọ́n gbé Miller lọ sínú ọkọ̀ ogun ńlá tó ń jẹ́ West Virginia. Géńdé ni, abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò sì ni: òun ló gba ipò kìíní láàárín àwọn abẹ̀ṣẹ́ tó sanra jù nínú ọkọ̀ náà. Síbẹ̀, abọ́ ló ń gbé.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 7, oṣù Kejìlá, ọdún 1941. Miller ti jí láti aago mẹ́fà, ó ń kó aṣọ ìdọ̀tí jọ. Nígbà tí aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, tọ́pídò àkọ́kọ́ ba ọkọ̀ wọn. Bọ́ǹbù tó ń gba inú omi lọ ni tọ́pídò. Bàálù àwọn ará Jàpáànì ló ń jù wọ́n sínú èbúté náà ní Hawaii. Méjì méjì ni wọ́n so púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ ogun ńlá mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́ erékùṣù Ford Island. Tennessee wà lọ́wọ́ inú, West Virginia wà lóde, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ òsì West Virginia ni àwọn tọ́pídò náà ń bá. Oklahoma, tó wà lóde bíi tirẹ̀, dojú dé, èèyàn 429 sì kú nínú rẹ̀. Ohun tó gba West Virginia sílẹ̀ ni pé àwọn ọ̀gá kan tètè jẹ́ kí omi wọ apá ọ̀tún, kí ìwúwo apá méjèèjì lè dọ́gba. Ó rì, àmọ́ ìdúró ló jókòó sílẹ̀ èbúté. Èèyàn 106 ló bá a lọ.

Níbi tó yẹ kí Miller lọ dúró sí nígbà ogun, tọ́pídò ti bà á jẹ́. Ọ̀gá kan ní kó tẹ̀ lé òun gòkè lọ síbi tí wọ́n ti ń darí ọkọ̀. Mervyn Bennion, ọ̀gá àgbà ọkọ̀ náà, wà níbẹ̀. Àfọ́kù bọ́ǹbù tó bú lórí Tennessee ti ya á níkùn. Miller àti ẹnì kan gbé e kúrò lójú gbangba. Ọkùnrin náà kọ̀ láti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ibẹ̀ ló sì kú sí.

Wọ́n wá ní kí Miller máa kó ọta sínú ìbọn arọ̀jò-ọta kan, ìbọn tí wọn kò fi kọ́ ọ rí. Kí ọ̀gá tó wà níbẹ̀ tó bojú wẹ̀yìn, Miller ti ń yìn ín. Ó yìn ín títí ọta fi tán. Àwọn kan ka iye bàálù tó já fún un, ṣùgbọ́n ìwé àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ kò ka ìkankan. Lójú tiwa, ohun tó ṣe lẹ́yìn náà tóbi ju ìyẹn lọ: nínú epo àti omi ló ti ń wọ́ àwọn tó fara pa síbi tí ẹ̀mí wọn kò ti ní bọ́.

Nígbà tí wọ́n gbé orúkọ àwọn akọni jáde ní ọjọ́ kìíní ọdún 1942, aláwọ̀ dúdú kan tí wọn kò dárúkọ ló wà níbẹ̀. Ìwé ìròyìn àwọn aláwọ̀ dúdú, Pittsburgh Courier, àti ẹgbẹ́ NAACP kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Oṣù Kẹta kí ayé tó gbọ́ pé Doris Miller ni. Ní ọjọ́ 27, oṣù Karùn-ún, Ọ̀gágun Chester Nimitz fi àmì ẹ̀yẹ Navy Cross sí i láyà nínú ọkọ̀ Enterprise. Medal of Honor ló ga jù. Ọmọ ogun ojú omi 15 ló gba ìyẹn nítorí ọjọ́ Pearl Harbor, Bennion wà lára wọn. Wọn kò fún Miller.

Wọ́n mú un káàkiri ìlú láti ta ìwé owó ogun, wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sórí pátákó láti fi pe àwọn ọ̀dọ́ wọṣẹ́ ológun. Lẹ́yìn èyí, wọ́n dá a padà sí ilé ìdáná. Alásè ni wọ́n kọ sí i lára nínú Liscome Bay, ọkọ̀ tó ń gbé bàálù. Ní ọjọ́ 24, oṣù Kọkànlá, ọdún 1943, ọkọ̀ abẹ́ omi Jàpáànì kan ta á ní tọ́pídò nítòsí erékùṣù Makin, èèyàn 644 sì kú. Wọn kò rí òkú Miller. Ọjọ́ 7, oṣù Kejìlá ni ìròyìn pé wọ́n ń wá a dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Waco, ọdún méjì gééré lẹ́yìn Pearl Harbor. Ẹni ọdún 24 ni.

Wọ́n gbé West Virginia dìde nínú omi, wọ́n tún un ṣe, ó sì wà ní èbúté Tokyo lọ́jọ́ tí Jàpáànì túúbá ní 1945. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, àwọn ológun ojú omi kéde pé ọkọ̀ ńlá kan tí yóò máa gbé bàálù yóò jẹ́ USS Doris Miller. Lẹ́tà márùn-ún tí agbẹ̀bí yàn pé ni wọ́n kọ, kì í ṣe Dorie.