Absalom Jones àti Ìtàn Ìjọ St. Thomas ní Ìlú Philadelphia

Ìfáàrà

Bí a bá ní kí Yorùbá dárúkọ ẹrú tí ó di àlùfáà, Samuel Ajayi Crowther ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bí Àjàyí ní Òṣoògùn ni ẹlòmíràn ti tọ irú ọ̀nà yìí ní òdìkejì òkun. Ẹni náà ni Absalom Jones, tí ó dá ìjọ St. Thomas sílẹ̀ ní àárín ìlú Philadelphia, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìjọ Episcopal ni ìjọ yìí, ọmọ ìyá kan náà sì ni ìjọ Episcopal àti ìjọ Áńgílíkà tí a mọ̀ nílẹ̀ yìí. Iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn pé ìwà kan ni Jones fi kọ́ ayé ara rẹ̀ àti ìjọ náà: ó máa ń fi ti ẹlòmíràn ṣáájú tirẹ̀.

Ìgbà Ẹrú

Ọdún 1746 ni wọ́n bí Absalom sí oko ẹrú ní Sussex, ní agbègbè Delaware. Láti kékeré ni ó ti ń tọ́jú owó kékeré tí ó bá rí gbà, títí ó fi ra ìwé ìkàwé àti Májẹ̀mú Titun. Ní 1762, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16, ọ̀gá rẹ̀ ta ìyá rẹ̀, arákùnrin rẹ̀ márùn-ún àti arábìnrin rẹ̀ kan. Absalom nìkan ni ó mú lọ sí Philadelphia láti máa ṣiṣẹ́ nínú ìsọ̀ rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ tí àwọn ọmọ ìjọ Quaker dá sílẹ̀ fún aláwọ̀ dúdú.

Ní 1770, ó fẹ́ Mary, tí òun náà jẹ́ ẹrú. Òfin ìgbà náà ni pé ipò ìyá ni ọmọ ń jogún; ọmọ tí ẹrúbìnrin bá bí, ẹrú ni. Nítorí èyí, Absalom kò kọ́kọ́ wá òmìnira tirẹ̀. Ó tọrọ owó, ó yá owó, ó ń fi òru ṣiṣẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀gá, títí ó fi ra òmìnira aya rẹ̀. Léraléra ni ó bẹ ọ̀gá fún òmìnira tirẹ̀, ṣùgbọ́n 1784 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀.

Bí Ìjọ Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ní 1787, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Richard Allen dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Áfíríkà olómìnira, láti máa ran opó àti aláìsàn lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì St. George ti àwọn Mẹ́tọ́díìsì ni àwọn méjèèjì ń lọ. Bí aláwọ̀ dúdú ti ń pọ̀ sí i níbẹ̀ ni wọ́n ń tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, lẹ́yìn náà sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, Absalom wà lórí eékún, àdúrà ń lọ lọ́wọ́, nígbà tí òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì gbá a mú láti fà á dìde. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí àdúrà parí, kò gbà. Nígbà tí àdúrà parí, gbogbo wọn jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí ilé ìjọsìn tiwọn tó parí ni ibà pọ́njú bẹ́ sílẹ̀ ní 1793, tí ó pa nǹkan bí 5,000 ènìyàn ní ìlú náà. Dókítà Benjamin Rush rò pé àìsàn náà kì í mú aláwọ̀ dúdú, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá ṣèrànwọ́. Èrò rẹ̀ kò tọ̀nà. Ó lé ní 200 nínú wọn tí wọ́n kú. Síbẹ̀, Jones àti Allen kó ènìyàn jọ, wọ́n ń tọ́jú aláìsàn, wọ́n ń sin òkú tí ẹbí sá fún. Lẹ́yìn náà ni òǹkọ̀wé kan, Mathew Carey, fẹ̀sùn kan àwọn aláwọ̀ dúdú kan pé wọ́n fi ìpọ́njú ìlú pawó. Ní 1794, Jones àti Allen fi ìwé kékeré kan dáhùn. Wọ́n ṣí ìṣirò owó wọn sílẹ̀, ó sì hàn pé ohun tí wọ́n ná fi 177 pọ́n-ùn àti lé díẹ̀ ju ohun tí wọ́n gbà lọ.

Ní oṣù Keje ọdún 1794 ni wọ́n ṣí ilé ìjọsìn náà ní Òpópónà Karùn-ún. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni Jones àti Allen fẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn wọn kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́ nítorí ìwọ̀sí àná. Episcopal ni wọ́n yàn. Allen kọ̀ láti ṣe olórí wọn, ó sì lọ dá ìjọ Bethel sílẹ̀; Jones gbà láti bá wọn lọ. Ohun mẹ́ta ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ Bíṣọ́ọ̀bù William White: kí a gba gbogbo wọn pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìjọ kan, kí wọ́n máa ṣàkóso ọ̀ràn ara wọn, kí a sì fi Jones ṣe olùka ìsìn, kí ó lè di àlùfáà bí ó bá yẹ.

Ohun tí Ó Ná Wọn

A fún wọn ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Jones di díákónì ní 1795, ó sì di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí a fi jẹ àlùfáà Episcopal ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ìdè kan wà níbẹ̀: ìjọ náà kò gbọdọ̀ rán aṣojú lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ ẹkùn bíṣọ́ọ̀bù. Àwọn tí wọ́n sá kúrò ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì St. George tún bá ara wọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Jones kú láìrí òpin rẹ̀. Àkókò Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà ni wọ́n tó gba aṣojú wọn wọlé.

Kò sì torí èyí dákẹ́. Òun àti àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú náà kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ lórí òwò ẹrú sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n jíròrò lé lórí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1800. Ibò 85 sí ẹyọ kan ni wọ́n fi ta á nù. Nígbà tí òfin tí ó fòpin sí kíkó ẹrú wọ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1808, Jones wàásù ìdúpẹ́ ní St. Thomas, ó sì rọ̀ wọ́n kí wọ́n máa ka ọjọ́ náà sí ọjọ́ ìrántí lọ́dọọdún.

Àgbálọgbábọ̀

Absalom Jones kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1818. Ọjọ́ yìí ni ìjọ Episcopal fi ń ṣe ìrántí rẹ̀. Ìjọ St. Thomas ti kúrò ní Òpópónà Karùn-ún, apá ìwọ̀-oòrùn ìlú náà ni ó wà báyìí, ibẹ̀ ni eérú ara olùdásílẹ̀ rẹ̀ sì wà. Ẹnì kan lè sọ pé ó gba díẹ̀ níbi tí ó yẹ kí ó béèrè púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fà dìde lórí eékún mọ iye tí ilẹ̀ ìkúnlẹ̀ tó. Ó kọ́kọ́ wá ilẹ̀ náà fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Àwọn tí wọ́n kúnlẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ṣí ilẹ̀kùn tí ó kù.