Ìyálóde Tinúbú: Oníṣòwò Epo Tí Ń Dáàbò Bo Irin

Ẹni tó bá ń gbé etíkun Àgbádárìgì mọ̀ pé iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí páànù pẹ́ kí ó tó dógùn-ún. Síbẹ̀, láti etíkun wa yìí ni epo pupa ti ń bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú òyìnbó láyé àtijọ́, tí wọ́n sì ń fi dáàbò bo irin níbẹ̀. Ọ̀kan pàtàkì lára àwọn tí òwò epo sọ di olówó ni Ẹfúnróyè Tinúbú.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni, nǹkan bí ọdún 1810 ni wọ́n bí i. Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́, ó fẹ́ Adélé, ọba tí wọ́n lé kúrò lórí ìtẹ́ Èkó, ó sì bá a lọ sí Àgbádárìgì ní ọdún 1833. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì kú sí. Ó fi ara rẹ̀ fún òwò tábà àti iyọ̀, ó sì ta ẹrú pẹ̀lú, èyí tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́ nínú ìtàn rẹ̀. Nígbà tó yá, epo pupa di òwò ńlá rẹ̀.

Kí ni òyìnbó ń fi epo ṣe? Wọ́n ń fi í ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là. Ṣùgbọ́n ní Wales, wọn a fọ irin pẹlẹbẹ mọ́ tónítóní, wọn a sì rì í bọ inú epo gbígbóná kí afẹ́fẹ́ má baà bà á jẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò rì í sínú tin yíyọ́, irin funfun tí kì í dógùn-ún. Irin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe agolo.

Ní ọdún 1856, Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, lé Tinúbú kúrò ní Èkó. Ó lọ sí Abẹ́òkúta. Nígbà tí ogun Dàhọ̀mì dé ní ọdún 1864, òun ló pèsè ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn jagunjagun, wọ́n sì fi í jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá. Ó kú ní ọdún 1887.

Lónìí, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń dán chitosan wò, ohun tí wọ́n ń rí láti inú èèpo edé àti akàn. Ó lè di awọ tẹ́ẹ́rẹ́ lára irin, a sì máa jẹrà láìdà bí ike. Edé àti akàn kò ṣọ̀wọ́n ní Àgbádárìgì. Láyé Tinúbú, epo ni a tà. Ìmọ̀ ohun tí epo ń ṣe fún irin wà lọ́wọ́ òyìnbó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí èèpo edé tún gba ọ̀nà kan náà.