Felicia Impastato: Ìyá Tí Ó Fi Ọdún 24 Wá Ẹ̀tọ́ Ọmọ Rẹ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dé bá Felicia Bartolotta Impastato ní ìlú Cinisi, ní erékùṣù Sísílì lábẹ́ ilẹ̀ Ítálì, ní oṣù karùn-ún ọdún 1978, ju ikú ọmọ lásán lọ. Ọmọ rẹ̀ kú, kò sì rí odindi òkú rẹ̀ sin, nítorí bọ́ǹbù ti fọ́n ọn ká sójú irin rélùwéè. Bí ẹni pé èyí kò tó, àwọn agbófinró tún kéde pé apániláyà ni olóògbé náà, àti pé ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi pa ara rẹ̀. Ẹni ọdún 61 ni ìyá náà nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá a. Opó ni, kò sì ní agbára ìjọba tàbí ti owó lẹ́yìn rẹ̀. Síbẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ, títí ó fi di arúgbó ẹni ọdún 85, kò yé béèrè ohun kan ṣoṣo: pé kí ilé-ẹjọ́ dárúkọ ẹni tí ó pa ọmọ òun.

Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 1916 ni wọ́n bí Felicia sí Cinisi, ìlú kékeré kan létí òkun, tí kò jìnnà sí Palermo. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Bàbá ti wá ọkọ fún un, ọkùnrin tí ó rí jẹ, tí ó sì rí mu, ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbéyàwó kù sí dẹ̀dẹ̀, ọmọbìnrin náà yarí pé òun kò fẹ́ ẹ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ yàn ni Luigi Impastato, ẹni tí ó ń sin ẹran ọ̀sìn. Ní ọdún 1947 ni wọ́n fẹ́ ara wọn. Ìjọba Mussolini ti lé Luigi kúrò nílùú rí nítorí pé ó jẹ́ ọ̀kan lára ọmọ ẹgbẹ́ Máfíà. Felicia kò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà dáadáa nígbà tí ó ń wọlé ọkọ. Ìgbà tí ó di ìyàwó ilé ni ó tó mọ irú ìdílé tí òun wọ̀. Arábìnrin ọkọ rẹ̀ ni ìyàwó Cesare Manzella, ọkùnrin yìí gan-an sì ni olórí Máfíà ní Cinisi.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé díẹ̀ nípa ẹgbẹ́ yìí. Ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ àwọn ọ̀daràn ni Máfíà ti Sísílì. Wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tipátipá, wọ́n ń já ilẹ̀ gbà, wọ́n sì ń pa ẹni tí kò bá gbọ́ràn. Òfin wọn tí ó le jù ni ìpanumọ́: ẹni tí ó rí kò rí, ẹni tí ó gbọ́ kò gbọ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fẹjọ́ sùn ọlọ́pàá. Ní àwọn ọdún 1970, òwò kan dé tí ó sọ wọ́n di olówó ńláńlá. Òwò náà ni oògùn olóró tí ń jẹ́ hẹ́róìnì. Wọ́n ń kó ohun tí wọ́n fi ń ṣe é láti ilẹ̀ Éṣíà wá sí Sísílì, wọ́n ń sè é níbẹ̀, wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ará Sísílì tí wọ́n ti ṣí lọ pọ̀ sí. Cinisi kì í ṣe ìlú ńlá, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ́ pápákọ̀ òfuurufú Palermo sí. Ẹni tí ó bá di Cinisi mú, ilẹ̀kùn Amẹ́ríkà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ẹni tí ìlú bọ́ sí ni Gaetano Badalamenti, tí wọ́n ń pè ní Don Tano, ẹni tí ó tún jókòó lórí àga olórí gbogbo Máfíà Sísílì láàárín àwọn ọdún náà. Òpópónà kan náà ni ilé rẹ̀ àti ilé Felicia wà. Wọ́n a máa sọ pé ìṣísẹ̀ ọgọ́rùn-ún péré ni ó wà láàárín wọn.

Ọmọkùnrin mẹ́ta ni Felicia bí. Giuseppe, tí gbogbo ayé ń pè ní Peppino, ni àkọ́bí; oṣù kìíní ọdún 1948 ni wọ́n bí i. Èkejì kú nígbà tí ó wà ní ọmọdé. Orúkọ èyí tí ó kú, Giovanni, ni wọ́n tún sọ ẹ̀kẹta tí ó dé ní ọdún 1953.

Peppino jẹ́ ọmọ ọdún 15 nígbà tí bọ́ǹbù tí wọ́n fi sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pa Manzella, ọkọ arábìnrin bàbá rẹ̀, ní oṣù kẹrin ọdún 1963. Àwọn Máfíà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Ikú náà ya ojú ọmọdé náà sí irú ayé tí àwọn ẹbí rẹ̀ ń gbé. Nígbà tí ó di ọdún 1965, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ìwé ìròyìn kékeré kan sílẹ̀, ó sì bu Máfíà kanlẹ̀ nínú rẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ bọ̀. Ọ̀rọ̀ di ìjà nínú ilé. Luigi lé ọmọ rẹ̀ jáde.

Láti ìgbà náà ni ilé Felicia ti pín sí méjì, òun sì wà láàárín bí ẹni tí ó dúró sí oríta. Ọkọ ń pariwo níhìn-ín, ọmọ kò padà lẹ́yìn ohun tí ó gbà gbọ́ lọ́hùn-ún. Obìnrin tí ó bá ti wà nínú irú ipò bẹ́ẹ̀ rí mọ bí ó ti ń rí. Bí bàbá bá jáde, ìyá a jẹ́ kí ọmọ wọlé, a fún un ní oúnjẹ, a bá a fọ aṣọ. Ó sì kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò fẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ òun, àwọn Máfíà, máa wọ inú ilé òun. Èyí kì í ṣe ohun kékeré fún ìyàwó ilé ní Sísílì ìgbà náà. Àwọn tí ó ń sọ ìtàn yìí máa ń gbé gbogbo ìgboyà fún Peppino, ṣùgbọ́n a kò mọ ibi tí ọmọ náà ìbá ti rí okun bí kò bá sí ti ìyá rẹ̀.

Peppino dúró ti àwọn àgbẹ̀ tí ìjọba fẹ́ gba ilẹ̀ wọn fún pápákọ̀ òfuurufú. Ó kó àwọn ọ̀dọ́ jọ láti kọrin, láti wo sinimá àti láti jíròrò. Ní ọdún 1977 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ rédíò kékeré kan sílẹ̀, tí wọ́n pè ní Radio Aut. Lórí rédíò yìí ni ó ti sọ Don Tano di ẹni ẹ̀sín. Ó ń dárúkọ òwò hẹ́róìnì, ó ń dárúkọ àwọn aláṣẹ ìlú tí wọ́n jọ ń jẹun nínú àwo kan náà, ó sì ń fi àwàdà gbé gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ tí àwọn ará ìlú fi ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹni tí ń fi ìbẹ̀rù jọba lè fara da èébú, ṣùgbọ́n kò lè fara da ẹ̀rín.

Bàbá rẹ̀ mọ̀ pé ewu dé tán. Láìka gbogbo ìjà wọn sí, Luigi wọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1977, ó lọ bá àwọn ẹbí tí ó wà níbẹ̀. Ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí yóò bá pa ọmọ òun, òun ni yóò kọ́kọ́ pa. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbé ìdálẹ̀ rí mọ̀ pé irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ìgbádùn. Ó padà dé ilé, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹsàn-án, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan gbá a lóru, ó sì kú. Níbi ìsìnkú, Peppino kọ̀ láti bọ àwọn Máfíà tí wọ́n wá kẹ́dùn lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ rí i, ó sì mọ̀ pé apata tí ó bo ọmọ òun ti ṣubú.

Oṣù mẹ́jọ péré ni ó kù. Peppino ń du ipò nínú ìgbìmọ̀ ìlú Cinisi nígbà ìbò oṣù karùn-ún ọdún 1978. Ní òru ọjọ́ kẹjọ mọ́jú ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n jí i gbé, wọ́n pa á, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ojú irin tí ó lọ láti Palermo sí Trapani, wọ́n sì fi bọ́ǹbù fọ́ ọ. Ẹni ọdún 30 ni. Ní ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n rí òkú Aldo Moro, olórí ìjọba Ítálì nígbà kan rí, nínú ọkọ̀ kan ní Róòmù. Gbogbo ojú wà lára Moro, kò sí ẹni tí ó bojú wo Cinisi. Àwọn ọlọ́pàá Carabinieri gbé ìwé kan tí Peppino ti kọ ní oṣù díẹ̀ ṣáájú jáde, níbi tí ó ti sọ bí ayé ṣe sú u, wọ́n ní ẹ̀rí nìyẹn pé ó pa ara rẹ̀ níbi tí ó ti ń dẹ bọ́ǹbù fún ọkọ̀ ojú irin. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń rìn kiri inú oko tí wọ́n ń ṣa ẹran ara rẹ̀ sínú àpò. Àwọn náà ni wọ́n rí òkúta tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀ nínú ahéré kan nítòsí ibẹ̀, àmì pé wọ́n ti lù ú kí wọ́n tó gbé e dé ojú irin. Nígbà tí wọ́n ka ìbò, àwọn ará ìlú ti dìbò yan òkú.

Níhìn-ín ni iṣẹ́ Felicia bẹ̀rẹ̀. Àṣà ilẹ̀ náà ni pé kí ìyá òkú wọ dúdú, kí ó ti ilẹ̀kùn, kí ó sì pa ẹnu mọ́. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ gbà á nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, pé kí ó ronú ti Giovanni tí ó kù. Felicia yí ìmọ̀ràn náà padà bí ẹni yí ẹ̀wù. Ó ní kí Giovanni dákẹ́, kí ó jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀, nítorí òun ti dàgbà, ìyá sì ni òun, ohun tí wọ́n lè fi ojú ọmọ òun rí, wọn kò lè fi ojú òun rí i. Ó já okùn ẹbí tí ó so òun mọ́ àwọn Máfíà. Ó gba ilé-ẹjọ́ lọ gẹ́gẹ́ bí olùpẹ̀jọ́ nínú ọ̀ràn ikú ọmọ rẹ̀, ohun tí ó ṣọ̀wọ́n kí ìyàwó ọmọ ẹgbẹ́ Máfíà ṣe. Ó sì kọ ẹ̀san: kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní orúkọ Peppino. Ìdájọ́ ni ó fẹ́, kì í ṣe òkú mìíràn.

Ìdájọ́ náà lọ́ra ju ìgbín lọ. Ní ọjọ́ tí ó pé ọdún kan, ní oṣù karùn-ún ọdún 1979, nǹkan bí ẹgbàá ènìyàn (2,000) wá láti gbogbo Ítálì, wọ́n rìn ní ìgboro Cinisi lòdì sí Máfíà. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí nílẹ̀ náà. Adájọ́ Rocco Chinnici ní Palermo gbà pé Máfíà ni ó pa Peppino, ó sì ń kọ ìwé ìdájọ́ rẹ̀ nígbà tí bọ́ǹbù pa òun náà ní oṣù keje ọdún 1983. Antonino Caponnetto tí ó gba ipò rẹ̀ fọwọ́ sí i ní oṣù karùn-ún ọdún 1984. Ìwé náà fọ orúkọ Peppino mọ́, ó ní Máfíà ni ó ṣe é, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ẹnì kankan. Ní ọdún 1992, wọ́n tún ká fáìlì náà nílẹ̀.

Felicia kò ká tirẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Ọmọ ilé-ìwé, oníròyìn, àlejò láti ọ̀nà jíjìn, ẹnikẹ́ni tí ó bá wọlé, yóò sọ ìtàn ọmọ rẹ̀ fún un. Ní ọdún 1986 ni wọ́n kó ìtàn tí ó sọ jọ sínú ìwé kan. Dájúdájú, àwọn ará àdúgbò kan wà tí wọ́n ń gba òdìkejì títì kọjá kí wọ́n má baà kí i.

Ní àkókò yìí, ọwọ́ òfin ti tẹ Don Tano, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí Peppino. Wọ́n mú un ní Madrid ní ọdún 1984, wọ́n gbé e lọ sí Niu Yọ́ọ̀kì, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún 45 fún un ní ọdún 1987, nítorí hẹ́róìnì tí wọ́n ń tà láti ilé oúnjẹ píṣà. Ohun tí Peppino sọ lórí rédíò di òótọ́ ní kóòtù Amẹ́ríkà. Ní àárín àwọn ọdún 1990, ọmọ ẹgbẹ́ Máfíà kan tí ó ti ronú pìwà dà là á mọ́lẹ̀ pé Badalamenti ni ó pàṣẹ ikú náà. Wọ́n ṣí fáìlì padà.

Ẹni ọdún 84 ni Felicia nígbà tí ó jẹ́rìí ní kóòtù ní ọdún 2000. Badalamenti wà nínú ẹ̀wọ̀n ní Amẹ́ríkà, ó ń wò ó láti inú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Ìyá arúgbó náà kò gbọ̀n. Ó nàka sí i, ó ní ẹni tí ó ní kí wọ́n pa ọmọ òun nìyẹn. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Ítálì gbé ìròyìn jáde tí ó fi hàn pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n darí ìwádìí gba ojú ọ̀nà tí kò tọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta ọdún 2001, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún 30 fún Vito Palazzolo, igbákejì Don Tano. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2002, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n gbére fún Badalamenti fúnra rẹ̀.

Badalamenti kú sínú ẹ̀wọ̀n ní oṣù kẹrin ọdún 2004. Felicia kú nínú ilé rẹ̀ ní Cinisi ní ọjọ́ keje oṣù kejìlá ọdún kan náà, ó jẹ́ ẹni ọdún 88. Wọ́n sọ ilé náà di ilé ìrántí ìyá àti ọmọ, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò sì yé ṣí fún àlejò. Ìjọba gba ilé Badalamenti lọ́wọ́ àwọn ẹbí rẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 2010, àwọn tí wọ́n ń tọ́jú orúkọ Peppino ni wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.